Fíríjì Ìwé Ìyá Yìnyín

Tí ẹ bá gbé fíríjì tó dákú lọ bá Ìyá Yìnyín, kò ní kọ́kọ́ bi yín ohun tó ṣe é. Yóò fi àtẹ́lẹwọ́ lé e lẹ́yìn bí ìyá tó ń wò bóyá ara ọmọ gbóná, yóò gbé etí lé e, lẹ́yìn náà ni yóò sọ iye tí iṣẹ́ náà máa gbà. Iye tó bá sì sọ, òun náà ni. Ó ti lé lọ́dún mẹ́wàá tí mo ti ń wò ó tó ń ṣe bẹ́ẹ̀, nítorí ògiri kan ṣoṣo ló wà láàárín ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ àti tèmi. Páìpù omi ni èmi ń tà, pẹ̀lú àwọn ohun kéékèèké tó máa ń bá a lọ. Tí ó bá ń lu nǹkan ní tirẹ̀, páìpù mi á máa gbọ̀n lórí pẹpẹ ní tèmi.

Ọkọ rẹ̀ ló dá ṣọ́ọ̀bù náà sílẹ̀. Ó kọ́ ìyàwó níṣẹ́ náà díẹ̀díẹ̀, láìsọ fún ẹnikẹ́ni pé òun ń kọ́ ọ. Nígbà tí ọkùnrin náà kú, àwọn mọ̀lẹ́bí rẹ̀ mẹ́ta wá láti kó irinṣẹ́ lọ tà, wọ́n ní obìnrin kò mọ ohun tí wọ́n ń fi wọ́n ṣe. Ó bu omi fún wọn, ó ṣí àpótí irinṣẹ́ sílẹ̀ níwájú wọn, ó ní kí oníkálukú mú èyí tó bá mọ orúkọ rẹ̀. Wọ́n wo inú àpótí, wọ́n wo ojú ara wọn. Ọ̀kan mú òòlù. Ìyá Yìnyín ní kó máa mú un lọ, pé òun ní méjì.

Àwọn oníbàárà tuntun á dé, wọ́n á wo ọ̀tún, wọ́n á wo òsì, wọ́n á béèrè ọ̀gá. Á ní ọ̀gá jáde, kí wọ́n jẹ́ kí òun kàn bá wọn yẹ̀ ẹ́ wò kó tó dé. Ó ti di ọdún mẹ́rìnlá tí ọ̀gá jáde. Fíríjì wọn ń tutù, wọn kò sì béèrè mọ́.

Ọ̀rọ̀ ìwé bẹ̀rẹ̀ láti ara fíríjì gíga kan tí olùkọ́ kan fi ránṣẹ́. Olùkọ́ náà ń kó lọ sí ìlú mìíràn, fíríjì rẹ̀ ti kú tipẹ́, ó ní kí Ìyá Yìnyín tú èyí tó bá wúlò lára rẹ̀, kó sì da ìyókù nù. Nígbà tí ó ṣí i, ìwé ọmọdé ló kún inú rẹ̀ láti òkè dé ìsàlẹ̀. Àwọn ará ilé náà ti sọ ọ́ di kọ́bọ́ọ̀dù. Ó pè é lórí fóònù. Olùkọ́ ní àwọn ọmọ òun ti dàgbà, oníkálukú ti gba ibi tirẹ̀ lọ, kó fi ìwé náà dáná tó bá wù ú. Mo bá a kà wọ́n. Mọ́kànléláàádọ́rin ni.

Lódìkejì títì, ní ọ̀kánkán ṣọ́ọ̀bù wa, ni ẹ̀rọ omi àdúgbò wà, lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilé Alága ẹgbẹ́ àdúgbò wa. Omi kì í yọ títí di aago mẹ́rin. Ṣùgbọ́n láti aago méjì, bí ilé ẹ̀kọ́ bá ti ń tú, ni àwọn ọmọ á ti gbé garawa wá tò sílẹ̀, nítorí ẹni tó bá pẹ́, ẹ̀yìn ni yóò tò sí, ẹni tó wà lẹ́yìn pátápátá sì lè máà rí omi. Wákàtí méjì lójúmọ́, ogún ọmọ sí ọgbọ̀n, wọn kò ní iṣẹ́ mìíràn ju kí wọ́n máa ti ara wọn, kí wọ́n máa sọ alángbá lókùúta, kí wọ́n sì máa sọ fún ara wọn pé orí ẹ rí bíi ti garawa ẹ. Ní ilé ẹ̀kọ́ wọn, ọmọ márùn-ún ló ń pín ìwé kan. Ilé ìkàwé tó sún mọ́ wa jù, ọkọ̀ méjì ni èèyàn máa wọ̀ débẹ̀. Mo ti ṣírò rẹ̀: àlọ àti àbọ̀ ọmọ kan, owó búrẹ́dì ọjọ́ mẹ́ta ni.

Ìyá Yìnyín kò ṣírò kankan. Ó yọ kọ̀m̀pírẹ́sọ̀ kúrò lẹ́yìn fíríjì náà, ó yọ àwọn páìpù wẹ́wẹ́, ó ní kí wẹ́dà jó irin pẹlẹbẹ márùn-ún mọ́ inú rẹ̀ bíi pẹpẹ, kí wọ́n sún mọ́ra tó bẹ́ẹ̀ tí ọmọ kankan kò fi ní lè kó sínú rẹ̀. Ó kùn ún ní àwọ̀ ọsàn. Gbogbo ihò tó wà lára rẹ̀, ibi tí páìpù ti ń wọlé, ibi tí omi ti ń jò jáde, ó fi gọ́ọ̀mù dí gbogbo rẹ̀ pa. Rọ́bà ẹnu ilẹ̀kùn, tuntun ló fi sí i, èyí tí òòfà inú rẹ̀ lágbára, tí ilẹ̀kùn fi máa ń dún "pó" tó bá padé. Ó ní òjò kankan kò ní rí ojú ibẹ̀. Mo sọ fún un pé tí ó bá ta ara fíríjì yẹn fún àwọn tó ń ra àjákù irin, tí ó sì fi owó ọ̀dà àti owó wẹ́dà kún un, yóò tó san owó iná oṣù méjì. Ó ní mo mọ ìṣírò, kí n wá bá òun di ẹsẹ̀ rẹ̀ mú kí a gbé e.

Bẹ́ẹ̀ ni a gbé e lọ síbi ẹ̀rọ omi, a fi í ti òpó irin tó wà níbẹ̀. Kò fi àgádágodo sí i. Kò kọ òfin kankan sára rẹ̀. Ó kàn sọ fún àwọn ọmọ pé kí ẹni tó bá wù mú èyí tó bá wù ú, tí ó bá kà á tán kó dá a padà, tí kò bá sì tíì kà á tán kó máa kà á lọ.

Mo ní, "Ìyá Yìnyín, kò ní pé ọ̀sẹ̀ kan tí kò fi ní ku ẹyọ kan."

Ó ní kí n lọ máa kà á nígbà náà. Mo sì kà á, kí n lè fi hàn án pé ìmọ̀ràn mi tọ̀nà. Ọjà kò yá lọ́sàn-án, mo sì rí ibẹ̀ kedere láti orí àga mi. Mo ń fa ìlà sára páálí kan, ọ̀tún fún ìwé tó jáde, òsì fún èyí tó padà.

Ọjọ́ kan ṣoṣo ló sọ ìdí tí kò fi fẹ́ àgádágodo, kò sì sọ ọ́ pẹ̀lú ìbànújẹ́. Ó ń fọ irinṣẹ́ lọ́wọ́ nígbà tó ń sọ ọ́. Ó ní ilé ẹ̀kọ́ tí òun lọ ní kọ́bọ́ọ̀dù onígíláàsì kan nínú yàrá hẹ́dímásítà, ìwé sì kún inú rẹ̀. Ẹ̀bùn ni wọ́n fi wọ́n ṣe, hẹ́dímásítà sì ń bẹ̀rù kí wọ́n má dọ̀tí. Tí wọ́n bá rán òun ní ẹfun ìkọ̀wé, òun á dúró níwájú gíláàsì náà, òun á máa ka orúkọ tó wà lẹ́yìn ìwé kọ̀ọ̀kan láti apá òsì sí apá ọ̀tún. Ọdún mẹ́fà ni òun fi kà á. Òun lè kà á lórí títí di òní. Òun kò mọ ohun tó wà nínú ọ̀kankan.

Ọ̀sẹ̀ karùn-ún ni nǹkan bàjẹ́. Ọmọ aránṣọ tó wà ní ìkángun títì, ọmọbìnrin kan tí ẹnu rẹ̀ kì í dákẹ́, sá wá sí ṣọ́ọ̀bù pẹ̀lú ìwé lọ́wọ́. Ó ní, "Màmá, ìwé yìí ti hu irun."

Òótọ́ ni. Nǹkan funfun kan ti hù lára èèpo ìwé náà bí irun àgbọ̀n arúgbó. Ìyá Yìnyín sọdá, ó ṣí fíríjì, òórùn tó jáde nínú rẹ̀ sì dé ọ̀dọ̀ mi. Ìwé mẹ́tàlélógójì ló ti bu. Àwọn ojú ewé ti lẹ̀ mọ́ra, àwòrán ti ṣí kúrò nídìí. Ogún péré ló yè, àwọn tó wà lọ́wọ́ àwọn ọmọ nílé lọ́jọ́ náà kò sí nínú ìyẹn.

Ó dúró síbẹ̀, ó fi ìka nu inú fíríjì náà, omi sì bá ìka rẹ̀ jáde. Mo ti rò pé òjò ló wọlé. Ó ní òjò kọ́. Ó ní àwọn tó ń tún fíríjì ṣe, ọ̀tá wọn ni ihò; bí ihò bí ojú abẹ́rẹ́ bá wà lára fíríjì, òtútù á jáde, oníbàárà á sì padà wá bú wọn. Nítorí náà ó ti mọ́ ọwọ́ òun lára kó máa dí ihò láìrò ó. Ṣùgbọ́n fíríjì tí kò ní iná, tí oòrùn ń pa lẹ́yìn, tí kò ní ibi tí yóò ti mí, á máa làágùn fúnra rẹ̀ ni. Ìwé ló ń mu òógùn náà.

"Èmi ni mo pa wọ́n," ó wí. "Mo sé wọn mọ́lé dáadáa."

Ní ọ̀sán ọjọ́ náà gan-an ló gbé ẹ̀rọ ìlùhò jáde. Mo rí i tó gbé ẹnu rẹ̀ lé ara fíríjì náà ní ẹ̀ẹ̀mẹta, tó tún gbé e kúrò. Lójú ẹni tó ti fi gbogbo ayé rẹ̀ dí ihò, iṣẹ́ burúkú ni. Nígbà tó wá tẹ̀ ẹ́ níkẹyìn, ó lu mẹ́jọ, mẹ́rin lókè, mẹ́rin nísàlẹ̀. Mo gé nẹ́ẹ̀tì wáyà fún un láti fi bo ẹnu wọn nítorí aáyán. Iye tí mo ra wáyà náà ni mo gbà, n kò fi nǹkan kan lé e.

Ó yẹ kí ọ̀rọ̀ parí síbẹ̀. Ṣùgbọ́n Alága ti gbọ́.

Ẹ jẹ́ kí n sọ tirẹ̀ bó ṣe rí. Alága àdúgbò wa kì í ṣe ènìyàn burúkú. Òun ló sá sókè sá sódò kí ẹ̀rọ omi yẹn tó dé, tí ó fi owó ara rẹ̀ wọkọ̀ lọ sí ọ́fíìsì àwọn aláṣẹ omi nígbà mọ́kànlá. Ṣùgbọ́n ó ti ṣe ọ̀gá níbi iṣẹ́ fún ọgbọ̀n ọdún, wọ́n ń pè é ní sà láti àárọ̀ dalẹ́, kò sì tíì rí ibi gbé e sọ̀. Ó pe ìpàdé sí ọ̀dẹ̀dẹ̀ ilé rẹ̀ ní ìrọ̀lẹ́ Sátidé. Ó to ìwé tó bu mẹ́rin sórí tábìlì. Ó ní àwọn ọmọ ló fi ọwọ́ tútù láti ìdí ẹ̀rọ ba ìwé jẹ́, pé ọmọ tí kò bá ní olùdarí, ohun tí ọwọ́ rẹ̀ bá kàn ló ń bàjẹ́.

Ìyá Yìnyín dìde. Ó ṣàlàyé ihò, ó ṣàlàyé gọ́ọ̀mù, ó ní òun ló jẹ̀bi, kò sí ọmọ kankan tó ṣe nǹkan.

Alága rẹ́rìn-ín. "Ìyá Yìnyín, ẹ ṣeun. Abiyamọ ni yín. Ẹ má bá wọn ru ẹ̀bi tí kì í ṣe tiyín."

"Bàbá Alága, iṣẹ́ mi ni mò ń sọ yìí. Mo mọ ohun tí mo ṣe."

"Ẹ jókòó, ẹ jọ̀ọ́."

Kò jókòó. Ó dúró títí Alága fi ka ètò rẹ̀ tán. Àgádágodo yóò wà lára fíríjì. Kọ́kọ́rọ́ yóò wà nílé Alága. Ọmọ tó bá fẹ́ ìwé yóò mú òbí wá kọ orúkọ sílẹ̀, yóò fọ ọwọ́, yóò sì nù ún gbẹ. Ó ní kí ẹni tó bá fara mọ́ ọn na ọwọ́. Àwa méjìlá la wà níbẹ̀ tí a lè na ọwọ́. Mẹ́sàn-án ló gòkè.

Tèmi wà nínú mẹ́sàn-án náà. N kò ní fi pamọ́. Mo ti ṣírò rẹ̀ pé iye àgádágodo kan kò tó iye ìwé méjì, bẹ́ẹ̀ ìwé mẹ́tàlélógójì ti lọ. Ìyá Yìnyín kò wo ojú mi. Ọwọ́ mi ló wò títí mo fi sọ ọ́ kalẹ̀.

Láti ọjọ́ kejì, "Ẹ káàárọ̀, sà" ló ń kí mi. Ẹni tó ti ń kí mi ní "Bàbá Onípáìpù, ṣé ẹ kò tíì kú" fún ọdún mẹ́rìnlá. Ẹ kò mọ bí "sà" ṣe lè dun ènìyàn.

Alága ra ẹ̀wọ̀n tó nípọn. Ó ki í bọ inú ọwọ́ ilẹ̀kùn fíríjì, ó fà á le, ó yí i mọ́ òpó irin tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, ó sì fi àgádágodo tì í. Àwọn ọmọ wò ó. Ní ọjọ́ kìn-ín-ní, wọ́n gbìyànjú láti fa ilẹ̀kùn. Ní ọjọ́ kejì, ọmọ aránṣọ ń kan ilẹ̀kùn náà bí ẹni tó wá kí ará ilé, ó ń béèrè bóyá wọ́n wà nílé, àwọn yòókù sì ń rẹ́rìn-ín. Ní ọjọ́ kẹta, wọ́n padà sídìí alángbá.

Mo ń kà á lọ. Èmi fúnra mi kò mọ ìdí tí mo fi ń kà á lọ. Ní ọ̀sẹ̀ tó kẹ́yìn kí ìwé tó bu, ẹ̀ẹ̀mejìdínlọ́gọ́ta ni ìwé jáde, ẹ̀ẹ̀mọ́kànléláàádọ́ta ló padà. Ní ọ̀sẹ̀ àgádágodo, ọmọ méjì ló lọ béèrè kọ́kọ́rọ́. Wọ́n ní kí èkíní lọ mú ìyá rẹ̀ wá. Ìyá rẹ̀ ń fọ́ òkúta níbi tí wọ́n ti ń fọ́ òkúta lẹ́yìn ìlú, ilẹ̀ ti máa ń ṣú kó tó dé. Kò padà wá. Èkejì gba kọ́kọ́rọ́ láìsí wàhálà, nítorí ọmọ ọmọ Alága ni.

Ọjọ́ kẹjọ ni, ní nǹkan bí aago mẹ́ta. Ìlà garawa ti dé ẹnu títì. Ìyá Yìnyín jáde ní ṣọ́ọ̀bù pẹ̀lú sukudíráfà kan ṣoṣo, ó wo ọ̀tún, ó wo òsì, ó sọdá. Kò yára, kò sì bojú wẹ̀yìn. Ó kí àwọn ọmọ, ó ní kí wọ́n sún sẹ́yìn díẹ̀ kí nǹkan má já lé wọn lẹ́sẹ̀. Lẹ́yìn náà ló bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, kò tilẹ̀ wo ibi tí ẹ̀wọ̀n wà. Apá kejì ló lọ, ibi tí ilẹ̀kùn ti ń yí. Sukúrù méjì ló wà nísàlẹ̀, méjì lókè. Ẹni tó bá ti tún fíríjì ṣe rí mọ̀ pé ilẹ̀kùn rẹ̀ kò yàtọ̀ sí ìdérí ìkòkò. Ibi tó bá wù ọ́ lo lè gbà ṣí i. Alága ti ti ilẹ̀kùn náà pa ní apá tí gbogbo ayé ń gbà ṣí i.

Kò tó ìṣẹ́jú mẹ́rin. Ó gbé ilẹ̀kùn náà kúrò lódindi, ó fi í ti òpó irin, ẹ̀wọ̀n rẹ̀ lọ́rùn, àgádágodo rẹ̀ ní títì. Fíríjì ṣí sílẹ̀ gbayawu. Àwọn ọmọ ń wò ó láti mọ̀ bóyá á di ìjà.

Ó di ìjà. Alága jáde pẹ̀lú sìńgílẹ́ẹ̀tì.

"Ta ló ní kó o fọwọ́ kan ohun ìní ẹgbẹ́?" Ó ti gbàgbé "ẹ" sínú ilé.

"Bàbá Alága, ẹ kú ọ̀sán. Ẹ̀wọ̀n yín rèé. Àgádágodo yín rèé, ó ṣì wà ní títì, kọ́kọ́rọ́ yín ṣì wúlò fún un. Fíríjì ni tèmi, ilẹ̀kùn sì ni tèmi. N kò rí ohun tí mo fọwọ́ kàn tó jẹ́ tẹgbẹ́."

"Ìpàdé ti pinnu. Àṣẹ wo lo gbà kó o tó ṣe èyí?"

Ìyá Yìnyín fi sukudíráfà sínú àpò aṣọ rẹ̀. "Mo ti fi ọdún mẹ́fà tọrọ irú àṣẹ yẹn nígbà tí mo wà lọ́mọdé, sà. Mo dúró níwájú gíláàsì, mo fọ ọwọ́ mi dáadáa, mo kí hẹ́dímásítà dáadáa. Wọn kò fún mi. Mo ti kúrò níbi tí wọ́n ti ń tọrọ rẹ̀."

"Tí òjò bá rọ̀ ńkọ́?"

Ó ní ó ṣeun tó béèrè. Ó sọdá padà sí ṣọ́ọ̀bù, ó gbé ọ̀rá nínípọn kan jáde, irú èyí tí à ń rí òdìkejì rẹ̀, tí wọ́n máa ń gé tẹ́ẹ́rẹ́ tẹ́ẹ́rẹ́ so sẹ́nu ọ̀nà yàrá yìnyín ńláńlá, kí èèyàn lè wọlé kí òtútù má jáde. Ó fi sukúrù dè é mọ́ òkè ẹnu fíríjì náà, ó sì jẹ́ kó rọ̀ sílẹ̀ dé ìsàlẹ̀. Ó wọ́n omi garawa kan sí i níwájú Alága. Omi ṣàn wálẹ̀. Ó kó ọwọ́ bọ inú rẹ̀, ó fa ìwé kan jáde, ó fi í lé ọmọ aránṣọ lọ́wọ́. Gbígbẹ ni. Afẹ́fẹ́ ń gba àárín ọ̀rá náà kọjá, kò sì sí ilẹ̀kùn tí ọmọ kankan lè há sẹ́yìn rẹ̀.

Alága ní tí ó bá fi máa di ọjọ́ Àìkú tí fíríjì náà ṣì wà níbẹ̀, òun yóò fi owó ara òun gbé e lọ dà sí ààtàn. Ìyá Yìnyín ní ọjọ́ Àìkú dára, òun kì í jáde lọ́jọ́ Àìkú, òun á wà níbẹ̀ láti bá a ka ìwé tó wà nínú rẹ̀ kó tó gbé e.

Àárọ̀ Sátidé, àwọn ọkùnrin alágbára méjì wá sí ṣọ́ọ̀bù mi. Alága ló rán wọn. Fíríjì yẹn, pẹ̀lú irin tí wẹ́dà jó sínú rẹ̀, ọkùnrin mẹ́rin kò lè fi orí rù ú dé ààtàn, ọmọlanke kan ṣoṣo tó sì lè gbà á ní gbogbo àdúgbò náà, èmi ni mo ni ín. Òun ni mo fi ń kó páìpù. Wọ́n béèrè iye tí mo fi ń yá a lójúmọ́.

Mo wo ọ̀dọ̀ ẹ̀rọ omi. Mo wo páálí mi. Mo sọ iye kan fún wọn.

Ọ̀kan nínú wọn ní, "Bàbá, ẹ má bínú, iye tí ẹ sọ yìí, tuntun mẹ́ta ló máa rà."

Mo ní òun náà mọ ìṣírò.

Kò pẹ́ tí Alága fúnra rẹ̀ dé. Ó jókòó lórí àga oníbàárà, ó mí kanlẹ̀, ó bi mí pé ṣé èmi náà ti di ọmọ ẹ̀yìn Ìyá Yìnyín, èmi tí mo na ọwọ́. Mo ní mo na ọwọ́, mo sì ṣìṣe, èyí tí mo fi ṣìṣe ni pé mo dìbò kí n tó wo páálí. Mo gbé e fún un. Ó wọ jígí rẹ̀. Ẹni tó ti ṣe ọ̀gá fún ọgbọ̀n ọdún kò lè rí iye tí a kọ sílẹ̀ kó má kà á.

"Méje kò padà," ó wí. Ó ti rí ohun tó ń wá.

"Méje kò padà láti ọwọ́ àwọn ọmọ. Mẹ́tàlélógójì ló bàjẹ́ lẹ́yìn ilẹ̀kùn tó padé dáadáa. Kí ẹ yọ ọ́ wò."

Ó tún wo páálí. "Ọ̀sẹ̀ àgádágodo, méjì péré?"

"Méjì."

"Àwọn wo?"

Mo sọ ti ọmọ tí ìyá rẹ̀ ń fọ́ òkúta fún un, pé kò padà wá. Ó ní èkejì ńkọ́. Mo ní ọmọ ọmọ yín ni.

Ó yọ jígí, ó nù ún lára sìńgílẹ́ẹ̀tì, ó sì fi í sápò. Kò sọ pé òun ṣìṣe, kò sì sọ pé òun ti yí àṣẹ òun padà. Ó dìde, ó ní ọmọlanke mi wọ́n, ó sì lọ sílé. Ọjọ́ Àìkú kọjá. Fíríjì wà níbẹ̀. Ìyá Yìnyín gbé àga rẹ̀ jáde ní àárọ̀, ó jókòó tì í títí di ìrọ̀lẹ́ bí ẹni tó ń ṣọ́ ẹrù, ẹnikẹ́ni kò wá bá a.

Ọjọ́ Ajé, ó yọjú sí mi láti ẹnu ọ̀nà.

"Bàbá Onípáìpù, ṣé ẹ kò tíì kú. Mo gbọ́ pé ọmọlanke yín ti wọ́n ju ọkọ̀ akẹ́rù lọ."

Mo ní ẹrù kan ló wọ́n fún.

Ó ní òun ti tú òmíràn lára àwọn fíríjì tó wà lẹ́yìn ṣọ́ọ̀bù, òun ti lu ihò sí i, òun kò tilẹ̀ dá ilẹ̀kùn padà sí i rárá. Ibi tí wọ́n ti ń fọ́ òkúta lòun fẹ́ gbé e lọ, nítorí àwọn ọmọ àwọn obìnrin ibẹ̀ máa ń jókòó sínú eruku láti ìgbà tí ilé ẹ̀kọ́ bá ti tú títí tí ìyá wọn yóò fi ṣíwọ́. Ó béèrè iye tí mo máa gbà. Mo sọ iye tí mo ń gbà lọ́wọ́ gbogbo ènìyàn. Ó ní kí n gé e sí ìdajì. Mo ní iṣẹ́ ni iṣẹ́. Ó bú mi, ó san án pé, a sì dì í.

Òun ló ń fà níwájú, èmi ń tì lẹ́yìn. Ọ̀nà ibẹ̀ gùn, ó sì jẹ́ òkè. Ní àárín òkè náà ó dúró láti mí, ó yíjú sí mi.

"Ọwọ́ yín yẹn," ó wí, "ẹ máa bi í léèrè kó tó gòkè."

Mo ní mo ti gbọ́.

A sọ ọ́ kalẹ̀ lábẹ́ òrùlé páànù tí àwọn obìnrin náà fi ń sá fún oòrùn. Ìwé mẹ́rìndínlógún péré, tí a yọ lára àwọn tó yè, ló wà nínú rẹ̀. A kò tíì tú okùn tán tí ọ̀gá ibẹ̀ fi jáde nínú ọ́fíìsì rẹ̀, ó fi ìka tọ́ka, ó ń béèrè ẹni tó ní kí a gbé irú nǹkan bẹ́ẹ̀ síbẹ̀. Ìyá Yìnyín kò wo ọ̀dọ̀ rẹ̀. Ó ń de ọ̀rá mọ́ ẹnu fíríjì. Ó ní kí n bá òun wá òkúta pẹlẹbẹ kan tí a lè ki sábẹ́ ẹsẹ̀ ọ̀tún, nítorí ó ń mì.